Ààlè Tí Mo Pa Sẹ́nu Òkun

Èmi, Sẹ̀kínátù Àbẹ̀kẹ́ Ògúnníyì, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ẹlẹ́ja yíyan ní Ifọ́nyìntẹ̀dó, ni mo ń há ogún mi báyìí. Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, orí mi pé. Ẹnikẹ́ni kò fipá mú mi. Ta ló wà nílé tó máa fipá mú mi? Tíṣà Àúdù ló ń bá mi kọ ọ́, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ tún ọ̀rọ̀ mi ṣe. Òun àti àbúrò mi, Nímọ́tà, ni yóò pín ogún náà.

1. Ilé mi di ti Nímọ́tà. Ṣùgbọ́n yàrá iwájú tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí títì, kò gbọdọ̀ gbé e fún ayálégbé. Ti Kòkúmọ́ ọmọ mi ni. Àràárọ̀ ni mò ń gbá a, ọdún keje rèé tí kò sùn níbẹ̀.

2. Ààrò ẹja méjèèjì, asẹ́ irin àti ewúrẹ́ mẹ́ta di ti Toheebat tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Abo dúdú yẹn ya olè, kó máa so ó mọ́lẹ̀. Ewúrẹ́ yẹn nìkan ni mò ń bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Wọn kò gbọdọ̀ pa á jẹ níbi òkú mi.

3. Ìpín mi nínú ẹgbẹ́ olùdókòwò etí òkun. Èyí gan-an ló jẹ́ kí n pe Tíṣà. Nígbà tí ṣawá kò ju ìka ọwọ́ lọ mọ́, àwa márùn-ún dáwó jọ. A ra ọkọ̀ ojú omi àti àwọ̀n olójú fífẹ̀ fún àwọn apẹja Ègùn lápá Bàdágìrì. Àwọn náà gbà pé wọn kò ní dẹ àwọ̀n síbi tí ọ̀sà ti pàdé òkun, níbi tí ẹja ń yé sí. Ẹja tí wọ́n bá pa níta, àwa ni wọ́n ń kọ́kọ́ tà á fún. Àwọn yòókù ní kí á gbé pátákó síbẹ̀. Pátákó kẹ̀! Ta ló ń bẹ̀rù pátákó? Mo ri òpó mọ́lẹ̀, mo so ìgbálẹ̀ gbígbó àti ọ̀já pupa mọ́ ọn, mo pa ààlè. Gbogbo apẹja bọ̀wọ̀ fún un.

Ọmọ mi nìkan ni kò bọ̀wọ̀. Kòkúmọ́ rí ọ̀já tí mo fi pọ̀n ọ́n lọ́mọdé lára òpó náà, ó ní ààlè ìyá òun kò lè mú òun, ó da àwọ̀n sómi. Ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Àwọn apẹja ránṣẹ́ pé kí n wá gba ọmọ mi. Mo ní kí wọ́n ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe ọmọ ẹlòmíràn. Wọ́n sun àwọ̀n rẹ̀, wọ́n mú un kúnlẹ̀ lójú àwọn ọmọdé. Láti ibẹ̀ ló ti gba Ìbẹṣè lọ, ó ń wa tírélà. Ẹja ti padà sómi, ó gùn tó ọwọ́ mi dé ìgùnpá. Kòkúmọ́ kò padà. Mi ò jẹ̀bi o, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí.

4. Àwọn mẹ́rin tó kù nínú ẹgbẹ́ wa fẹ́ gbé ibi tí mo pa ààlè sí fún àwọn awayanrìn, nítorí èrè yanrìn yá ju ti ẹja lọ. Ìwé wa sọ pé bí ẹnì kan ṣoṣo bá kọ̀, kò ṣeé ṣe. Èmi ni ẹni náà. Mo fi ìpín mi fún Kòkúmọ́. Wọn yóò gbé bírò wá bá ọ, ọmọ mi. Bó o bá fẹ́ tà á, tà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó pa ààlè ló ń tú u, ìwọ lo sì dúró fún mi. Má fọwọ́ sí ìwé kankan nínú ọkọ̀ rẹ. Lọ sétí omi, kí o fọwọ́ ara rẹ tú ọ̀já yẹn kúrò.

5. Mo gbọ́ lẹ́nu ará ọjà pé o ti bí ọmọbìnrin, Afeezat. Ẹnikẹ́ni kò pè mí síbi ìsọmọlórúkọ. Ọ̀já tuntun wà nínú àpótí mi, pupa ni. Kí ìyá rẹ̀ fi pọ̀n ọ́n. Èyí tó wà lórí omi ti gbó, atẹ́gùn òkun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́ tán. Bí Afeezat bá ti ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, tí o kò bá tíì ta ìpín náà, kí ẹ̀yin méjèèjì mú ọ̀já tuntun náà lọ so mọ́ òpó yẹn.

Mo tẹ̀ka sí i ní Ifọ́nyìntẹ̀dó, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá, ọdún 2024.

Àtàǹpàkò Sẹ̀kínátù Àbẹ̀kẹ́ Ògúnníyì

Àwọn tó wà níbẹ̀ nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́:
Roheemat Ọ̀jẹ̀túndé, aládùúgbò
Abdulrasaq Mákindé, télọ̀