Fọ́ọ̀mù Ilé-iṣẹ́ Ásíìdì Tí O Ní Kí N Fọwọ́ Sí

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Ṣé ara rẹ le, ṣé o ń jẹun kánú? Olúwa kò ní jẹ́ ká fi ọ́ ṣàwátì. Àwa náà wà, àfi orúnkún mi tó ń dún bí ilẹ̀kùn. Bàbá rẹ ṣì ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ṣáàjì bátìrì, ó ń fi ojú kan tó kù wo títì.

Tísà tó ń gbé yàrá iwájú ló ka lẹ́tà rẹ fún wa, torí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yín tó kún inú rẹ̀. Ó ní ẹ ń dáná sun imí ọjọ́ tọ̀sán tòru. Mo bi í pé kí ló wà lórí iná, ó ní kò sí nǹkan kan, èéfín gan-an lẹ ń wá. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti ń sá fún èéfín, ẹ̀yin ń gbà á sínú páìpù. Ó ní èéfín náà á gba àárín àwọn wóró kan kọjá kó lè gba atẹ́gùn sí i, àwọn wóró náà á ṣiṣẹ́, wọn ò sì ní dín kù. Ẹ ṣọ́ra, ọ̀gá yín lè ní kẹ́yin náà máa ṣiṣẹ́ láìjẹun bíi ti àwọn wóró náà. Ó tún ní bí èéfín yìí bá kan omi, ìkùukùu burúkú ló ń dà, àfi kí ásíìdì líle tó ti wà nílẹ̀ kọ́kọ́ gbé e mì. Ìyẹn yé mi. Ọmọ tó bá lágídí, ẹbí rẹ̀ náà ló ń kápá rẹ̀.

Nígbà tó kà á dé ibi tí wọ́n fẹ́ gbé ọ lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń bu omi la ásíìdì, bàbá rẹ dìde. O kéré nígbà tí ojú rẹ̀ kan lọ, o ò mọ̀ pé omi ló dà sínú ásíìdì bátìrì tó fi ta sí i lójú. Ó ní ásíìdì ni kí o máa dà sínú omi, díẹ̀díẹ̀, kí o má da omi lé e láé.

Ní ti fọ́ọ̀mù, ibi tí wọ́n ti béèrè ẹni tí wọ́n á pè bí nǹkan bá ṣe ọ́, gàdàgbà ni mo kọ ọ́ pé kò ní ṣe é. Nọ́ńbà fóònù, mo ní a ò ní, bẹ́ẹ̀ ó wà lápò mi. Bí wọn ò bá rí ẹni pè, wọ́n á tọ́jú ọmọ mi. Bàbá rẹ ní wọ́n á dá fọ́ọ̀mù náà padà. Kí wọ́n dá a padà, bírò mi ò tíì gbẹ.

Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní parọ́ fún ọ. Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, owó àlọ nìkan. Mi ò ní kúrò lẹ́nu géètì yín títí ọ̀gá yín á fi fún ọ ní awò tó bo ojú méjèèjì. Ojú kan ti lọ nílé wa, kò ní di méjì.

Iná ò ní jó ọ, ohun tí o ń ṣe ò ní ṣe ọ́. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ, tó ti di ẹrù rẹ̀ sílẹ̀.