Ìjàpá Yín Ti Dé Láti Ọ̀yọ́

Bàbá mi àtàtà,

Ìjàpá yín ti tún ń rìn. Ìyẹn ni mo fi ṣáájú, nítorí mo mọ̀ pé ẹ kì í fẹ́ kí ènìyàn fi ìkíni mú ìwé gùn. Ọkọ̀ tí ẹ ń wà lọ sí ilé ìwé ní Ìkòyí-Ilé lójoojúmọ́, tí gbogbo àdúgbò sọ ní ìjàpá nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tó ṣù, kúrò lábẹ́ igi máńgòrò lóṣù tó kọjá. Ó lọ sí Ọ̀yọ́, ó sì padà wá sí Ògbómọ̀ṣọ́, kò mu ẹ̀kán epo kan. Iná bátìrì ló ń gbé e rìn.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tí Àdùkẹ́ kọ́kọ́ sọ ọ́. Ẹ kò mọ Àdùkẹ́. Inú ìyá rẹ̀ ló wà nígbà tí a sin yín. Òun ni àbíkẹ́yìn mi. Ó ń kọ́ni ní físíìsì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n inú ilé yín níbí ni òun, èmi àti Màmá tó bí mi jọ ń gbé. Àràárọ̀ ló ń wọ bọ́ọ̀sì lọ, ìrọ̀lẹ́ ló ń bọ̀, bí epo bẹntiróòlù bá sì ti wọ́n sí i, owó ọkọ̀ náà á lọ sókè. Lọ́jọ́ kan ó lé adìyẹ tó ń sàba lórí ìjókòó yín dìde, ó ní òun yóò yọ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà, òun yóò sì fi ẹ̀rọ oníná rọ́pò rẹ̀.

Màmá ló kọ̀. Ojú wọn ti lọ pátápátá báyìí, etí ni wọ́n fi ń ríran. Ẹ rántí bí wọ́n ṣe máa ń gbọ́ yín láti ìyànà ṣọ́ọ̀ṣì? Kí ẹ tó dé ẹnu ọ̀nà, omi èbà ti wà lórí iná. Ariwo ẹ́ńjìnnì yẹn ni aago wọn. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ohun tí Àdùkẹ́ fẹ́ ṣe, wọ́n ní, "Ẹ fẹ́ gba ohùn Tíṣà kúrò lẹ́nu ọkọ̀ wọn."

Ẹnikẹ́ni kì í fi tipá gba ohun ìní olóògbé mọ́ aya rẹ̀ lọ́wọ́ nínú ilé yìí. Àdùkẹ́ kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n, ó tún bẹ̀ wọ́n lọ́jọ́ kejì, ó sì ń bẹ̀ wọ́n bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi gbà. Wọ́n ní a kò gbọdọ̀ ta ẹ́ńjìnnì náà fún àwọn tó ń ra irin. Kí ó máa gbé lábẹ́ máńgòrò. Wọ́n ní èmi àkọ́bí ni kí n wà á lọ sí Ọ̀yọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́. Bí ó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wálé kí ilẹ̀ tó ṣú, ó di ti Àdùkẹ́. Bí wọ́n bá fi okùn wọ́ ọ wálé, kí a dá ẹ́ńjìnnì padà sí àyè rẹ̀.

Bàbá, ì bá wù mí kí ẹ rí ọmọ yẹn lẹ́nu iṣẹ́. Irin pẹlẹbẹ tó so ẹ̀rọ oníná mọ́ gíá kọ́kọ́ wọ́ díẹ̀, ọkọ̀ sì ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà dì mú. Wẹ́dà tó bá a jó irin náà ní yóò máa lọ bẹ́ẹ̀. Àdùkẹ́ ní rárá, ó tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, ó sì ní kí wọ́n gé òmíràn. Bátìrì díẹ̀ wà níwájú, níbi tí ẹ máa ń kó ṣọ́ọ̀kì àti iṣu tí àwọn òbí ọmọ bá fún yín sí. Ìyókù wà lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Gíá yín náà ni ó ń lò, ìjókòó yín náà ni, fèrè yín náà ni.

A gbéra ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Bí mo ṣe rí ẹnu ọ̀nà kọ́lẹ́ẹ̀jì náà lọ́ọ̀ọ́kán, ọjọ́ tí ẹ gbé mi lọ sí ilé ìwé ní ìlú Ọ̀yọ́ kan náà ló sọ sí mi lọ́kàn. Àpótí mi wà lórí yín. Ọmọ kan tí bàbá rẹ̀ fi ọkọ̀ gígùn gbé wá bi mí pé ta nìyẹn, mo sì ní dírẹ́bà wa ni. Ẹ gbé àpótí dé ẹnu yàrá, ẹ fún mi ní gààrí àti kúlíkúlí, ẹ ní ó dàbọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn ọgbà ni ẹ ń gbé ìjàpá sí bí ẹ bá wá wò mí. Ṣé ẹ gbọ́ ọ ni? Mo di ọ̀gá ilé ìwé, mo kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ọ̀wọ̀, n kò sì bi yín títí ẹ fi lọ.

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yí ọkọ̀ náà po. Kò gbọ́ ẹ́ńjìnnì. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ tì í dé ibí ni?" Lẹ́yìn tó rẹ́rìn-ín tán, ó béèrè ohun tí mo jẹ́ sí mádàámù. Àdùkẹ́ fẹ́ sọ̀rọ̀, mo yára ṣíwájú rẹ̀.

"Dírẹ́bà wọn ni mí."

"Ẹ má dá Bàbá lóhùn," ni Àdùkẹ́ wí, tó sì gbé ohùn sókè kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọjá lè gbọ́. "Bàbá mi nìyí. Ọkọ̀ bàbá tiwọn la gbé wá."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò mi, bẹ́ẹ̀ ó ṣì wà lójú ihò rẹ̀ nínú ọkọ̀.

Ọkọ̀ náà ń mu iná sólà ní ẹ̀gbẹ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ títí ó fi parí iṣẹ́. Èmi lọ sí Ọjà Akẹ̀sán, mo ra wàrà fún Màmá. Ṣùgbọ́n òjò ti ṣú, sólà kò mú dáadáa, a kò sì lè dúró mọ́ kí ilẹ̀ má baà ṣú bá wa lọ́nà. Ní ojú ọ̀nà, a pa rédíò, a sì ń fi sùúrù gun òkè. Bí a bá ń sọ̀kalẹ̀, díẹ̀ nínú iná náà á padà sínú bátìrì, Àdùkẹ́ á sì fọwọ́ lu ẹsẹ̀ rẹ̀. A wọlé nígbà tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀, ó ku díẹ̀ kí bátìrì gbẹ.

Màmá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n kọ ojú sí ìyànà ṣọ́ọ̀ṣì. A dúró síwájú wọn gan-an, wọn kò mọ̀. Ọ̀nà ni wọ́n ṣì ń tẹ́tí sí. Ó dùn mí dé egungun. Mo wá tẹ fèrè bí ẹ ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́, kúkurú, kí ó tó wá gùn.

Màmá dìde. "Ọkọ̀ Tíṣà ti dé. Ẹ gbé omi kaná."

Mo mú wọn dé ẹ̀yìn ọkọ̀, níbi tí àwa ọmọ yín ti máa ń fi ooru ẹ́ńjìnnì mú ọwọ́ gbóná nígbà ọyẹ́ bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ lé e. Kò gbóná.

"Kò rẹ̀ ẹ́," ni wọ́n wí. "Kí ó máa lọ."

Láti ìgbà náà, Àdùkẹ́ ń tẹ fèrè yín ní ìyànà ní ìrọ̀lẹ́, omi sì ń gun orí iná. Nígbà mìíràn, mo máa ń gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí n lè gbé e dé iwájú kọ́lẹ́ẹ̀jì. Iwájú gan-an ni mo ń dúró sí.

Èmi ni, pẹ̀lú ìfẹ́ tó pẹ́ kó tó dé,
ọmọ yín àti dírẹ́bà yín.