Ìrìn Ìdárayá Mi Ti Di Ìrìn Jẹ́ríkò

Ẹ má dárúkọ mi, ẹ má sì bi mí ní ìjọ tí mò ń lọ, torí Ìlárá Rẹ́mọ kò tóbi, ẹni tó bá sín ní ìsàlẹ̀ ìlú, òkè ni wọ́n á ti máa kí i pẹ̀lẹ́... Irọ́ kan wà lọ́rùn mi tí n kò mọ̀ọ́mọ̀ pa, síbẹ̀ èmi ni mò ń gbé e kiri láràárọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá ẹ̀mí mi sí. Ilé ìwé ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti mọ̀wé, ọmọ ilé ìwé ṣọ́ọ̀ṣì náà ni mò ń kọ́ báyìí, n kò sì fẹ́ ṣe ohun tí yóò kó ìtìjú bá orúkọ Rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti sú mi.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń yẹ̀ mí wò ní Ṣàgámù ní kí n máa lo oògùn mi lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, kí n sì máa rìn. Ó ní, Mà, ẹ má fi exercise jẹ ara yín níyà o, èyí tí ẹ bá gbádùn nìkan lẹ máa lè ṣe dọjọ́ alẹ́. Mo kọ́kọ́ gbìyànjú ojú títì, àwọn ọlọ́kadà kò jẹ́ kí n gbádùn, wọ́n á máa ní Màámi, ta ló ń lé yín, ẹ gun ọ̀kadà ká sá fún un pọ̀... Ni mo bá lọ sí pápá tó yí ṣọ́ọ̀ṣì wa ká, ní ìdájí, kí ẹnikẹ́ni tó jáde. Kanfáàsì tí ọmọ mi rà ń fún mi lẹ́sẹ̀, mo bọ́ ọ sílẹ̀, mò ń fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ìrì. Mo fi ìborùn funfun bo orí kí ẹnikẹ́ni má baà rí earpiece tó wà létí mi, torí orin fàájì àtijọ́ tí bàbá mi fẹ́ràn ni mò ń gbọ́, tí mò ń kọ ọ́ sẹ́nu wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹ̀yin ará, mo gbádùn rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti di ìyá ọmọ, n kò tíì ní àkókò kan tí ẹnikẹ́ni ò bi mí ní nǹkan kan. Oorun mi dára, ẹ̀jẹ̀ ń wálẹ̀, nọ́ọ̀sì ń yọ̀ mọ́ mi.

Àfi bí Ìyá Ẹgbẹ́, olórí àwọn obìnrin ìjọ wa, ṣe rí mi láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ẹ tiẹ̀ fojú inú wò ó... ẹsẹ̀ lásán, ìborùn funfun, ẹnu ń mì, tí mò ń yí ilé Ọlọ́run po. Wọ́n dúró dè mí, wọ́n rọra béèrè ohun tí mò ń bá Ọlọ́run sọ. Ojú orin tó wà létí mi tì mí, mo kàn ní, Màámi, mo fẹ́ kó wálẹ̀ ni. Ẹ̀jẹ̀ mi ni mò ń wí o. Èmi sọ wálẹ̀, Màámi gbọ́ wó lulẹ̀. Wọ́n kúnlẹ̀ sínú ìrì, wọ́n ní yóò wó, gbogbo odi Jẹ́ríkò tó dí ìjọ yìí lọ́nà yóò wó. Kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n ní kí ìyá tó jù mí lọ dìde, pé fàájì ni mò ń gbọ́? Mo ní Àmín.

Àmín yẹn ló so mí mọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kejì Ìyá Ẹgbẹ́ mú àwọn obìnrin wá, lẹ́yìn náà ni agogo dé, ni ààwẹ̀ dé, pé a kì í fi oúnjẹ sínú wó odi... oògùn mi ńkọ́? A ń sáré níbi tí mo ti ń rìn, a ń pariwo, orúnkún mi ń ké. Mo sún ìrìn mi sí ìrọ̀lẹ́, wọ́n ní Ẹ̀mí ti yí àkókò padà, wọ́n tẹ̀ lé mi. Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ rìn ní Ijoku ní Ṣàgámù níbi tí wọn ò ti mọ̀ mí, ọmọ ìjọ kan rí mi, ó wá jẹ́rìí pé iṣẹ́ náà ti dé Ṣàgámù. Nọ́ọ̀sì tún yẹ̀ mí wò, ẹ̀jẹ̀ ti padà sókè, ó ní, Mà, ìrìn yín tó dùn yẹn dà?

Èyí tó wá burú jù, arábìnrin kan tó ti ń wojú Olúwa fún ọmọ láti ọjọ́ pípẹ́ ti lóyún, ó sì ní ìrìn mi ni. Ó máa ń di ọwọ́ mi mú, ó ń sunkún ayọ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, Pásítọ̀ fẹ́ ta òróró sí mi lórí, kí wọ́n fi mí jẹ Ìyá Jẹ́ríkò, kí n sì dúró níwájú pẹpẹ sọ bí Ẹ̀mí ṣe pè mí. Ẹ̀mí wo? Tí mo bá sọ òtítọ́, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ìgbàgbọ́ arábìnrin yìí? Tí n kò bá sì sọ ọ́, ṣé kí n purọ́ níwájú Ọlọ́run tó gbọ́ orin tó wà létí mi? Bẹ́ẹ̀ Ọlọ́run náà ló fi pápá yẹn ṣàánú mi, mo gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn...

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà jù mí lọ, ẹ̀yin tí ẹ mọ Bíbélì, ẹ bá mi dá sí i. Mò ń gbọ́ agogo wọn lẹ́nu ọ̀nà mi bí mo ṣe ń kọ èyí, ebi ń pa mí, oògùn mi wà lórí tábìlì. Kí ni kí n wí fún wọn? Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí èèyàn kàn fẹ́ rìn lásán ni?