Ẹ̀rọ Tó Ń Jẹ Imọ̀ Àgbọn

Bàbá mi àtàtà, ẹ kú ilé o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òtútù Ìkọ̀lé tó máa ń mú yín léegun láàárọ̀. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti etí ọ̀sà Àgbádárìgì níbí. Ṣé Màámi ń sùn dáadáa? Ṣé Fẹ́mi àbúrò mi ti padà síléèwé? Ara tèmi le, mò ń jẹun, mo tiẹ̀ ti sanra díẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí tó kù. Bàbá, mi ò ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì mọ́. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti kúrò níbi tí mo ti ń tẹ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ yunifásítì. Igi ni mò ń gé. Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ, torí ẹ ti sọ ọ́ rí, lọ́jọ́ tí mo gbé oúnjẹ ọ̀sán wá bá yín nínú igbó, tí mo ní kí ẹ jẹ́ kí n di ayùn mú. Ẹ ní iṣẹ́ agégẹdú kì í ṣe iṣẹ́ ọmọbìnrin. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí ẹ bá bi mí lórí fóònù, mo kàn máa ń ní iṣẹ́ ń lọ. Ẹ dárí jì mí.

Kì í ṣe igbó la ń wọ̀ níbí. Àárín ilé ni. Ẹnì kan á ní igi fúrúùtù fẹ́ wó fẹ́ǹsì òun, ẹlòmíì á ní àgbọn ti ń tẹ̀ sórí páànù òun, wọ́n á pè wá. Èmi àti ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Sẹ̀wánù la jọ ń ṣe é. Ọmọ Ẹ̀gùn ni, ilé bàbá rẹ̀ kò jìnnà sí ọjà Àgbálátà, ó sì ń gun igi bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn.

Gígé kì í ṣe wàhálà. Ẹ̀ka tó bá ti délẹ̀ ni wàhálà, torí ọkọ̀ tó máa kó o wọ́n, a ò sì lè dáná sun ún láàárín ilé onílé. A wá ra ẹ̀rọ kan tó ń rún ẹ̀ka wẹ́wẹ́. Ṣípà ni àwọn tó ń tà á ń pè é. Tí ẹ bá ki ẹ̀ka bọ̀ ọ́ lẹ́nu, abẹ inú rẹ̀ á gé e jánjan, á sì tu ú síta. Ṣùgbọ́n kékeré la kọ́kọ́ rà. Ẹ̀ka tó bá nípọn ju ọrùn ọwọ́ mi lọ, kò lè gbé e mì. Tí imọ̀ àgbọn bá wọ inú rẹ̀, fọ́nrán rẹ̀ á wé mọ́ irin tó ń yí nínú, ẹ̀rọ á kú. Bẹ́ẹ̀ àgbọn ló pọ̀ jù ní gbogbo etí òkun yìí!

Ní àsìkò òjò tó kọjá, a ń ṣiṣẹ́ ní Àràdàgún, imọ̀ há mọ́ ẹ̀rọ náà lẹ́nu. Sẹ̀wánù kò pa á kó tó fọwọ́ ti imọ̀ náà. Lójijì ẹ̀rọ jí, imọ̀ sì kọ́ apá ẹ̀wù rẹ̀, ó ń fà á lọ. Mo fò mọ́ bọ́tìnì tí a fi ń pa á. Ẹ̀wù ti ya dé èjìká, ṣùgbọ́n ọwọ́ wà níbẹ̀, ìka márààrún pé. Àwa méjèèjì jókòó sínú ẹrẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín mi sì di ẹkún. Mo sọ fún un pé ẹ̀rọ yẹn kò ní rún ẹ̀ka kan mọ́ lọ́wọ́ wa.

Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá òmíràn nìyẹn. Ìfẹ́ ẹ̀rọ ńlá kan tó jẹ́ tòkunbọ̀, tó gba Kútọnu wọlé, kó sí Sẹ̀wánù lórí. Ẹnu rẹ̀ lè gbé odindi ewúrẹ́ mì. Ẹni tó ń tà á ní kò sí ohun tí kò lè jẹ, ó sì ń ki pákó gbígbẹ bọ̀ ọ́ lẹ́nu kí a lè rí i. Mo ní kó jẹ́ ká fi imọ̀ àgbọn tútù dán an wò. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí n lọ mú ọkọ mi wá.

Inú bí mi. Ṣùgbọ́n mo rántí yín, Bàbá. Ẹ kì í ra ayùn láìfi ìka kàn án kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀, ẹ kì í sì í sanwó àfi tí ẹ bá ti fi gé igi líle níwájú ẹni tó ń tà á. Mo lọ kó imọ̀ àgbọn kún kẹ̀kẹ́ márúwá kan, mo sì padà wá. Èrò ti pé jọ, kò lè sọ pé rárá mọ́. Ẹ̀rọ ńlá náà gbé ìkíní mì, ó gbé ìkejì mì. Lórí ìkẹta, ó kérora, ó yọ èéfín, ó dákẹ́.

Ní kọ̀rọ̀ ọgbà ọkùnrin yẹn kan náà ni ọ̀kan wà, kò tóbi, kò kéré. Irin eléyín méjì tó ń yí wà lẹ́nu rẹ̀, àwọn ló ń fa ẹ̀ka wọlé, kò nílò kéèyàn fọwọ́ tì í. Ọ̀pá kan dábùú òkè ẹnu náà: tí ẹ bá ti fọwọ́ kàn án, irin yẹn á yí sẹ́yìn, á pọ ẹ̀ka padà. Nǹkan tí mo ń wá nìyẹn. A fi imọ̀ mẹ́fà sí i, kò tiẹ̀ wúkọ́. Sẹ̀wánù ṣì ń wo ti ńlá bí ẹni tí ìyàwó kọ̀. Mo bi í pé báwo ló ṣe máa gbé ìyẹn sọdá ọ̀sà, nígbà tí wọ́n ti pè wá fún iṣẹ́ ní Topo. Ó họ orí. Ó ní, Àǹtí, ẹ rà á.

Topo wà ní òdìkejì omi. Orí pákó méjì la ti yí ẹ̀rọ náà sínú ọkọ̀, ọkọ̀ sì tẹ̀ sápá kan. Ọlọ́kọ̀ ń fi gbogbo èdè tó gbọ́ gbàdúrà. Ìyá àgbà kan ló pè wá: ìjì ti wó àgbọn kan lu ilé ìdáná rẹ̀, òmíràn sì dagun sórí yàrá tó ń sùn. Ọjọ́ méjì la fi ṣe é. Mo fi okùn darí èyí tó dagun náà, ó sì ṣubú sí àárín ilé ìdáná àti kànga, kò kan èyíkéyìí. Ẹ̀rọ wa jẹ gbogbo imọ̀ rẹ̀ tán. Ìyá ní ká da ẹ̀rún rẹ̀ sí ìdí ata òun.

Àìgbọ́ èdè wọn dáadáa ló máa ń ni mí lára jù níbí, Bàbá. Tí àwọn èèyàn bá ń fi Ẹ̀gùn ṣàwàdà, ìgbà tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín tán ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀ tèmi. Afẹ́fẹ́ òkun sì níyọ̀, tí mi ò bá fi epo ra abẹ fún ọjọ́ méjì, ó ti dógùn-ún. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn inú mi dùn débi pé mo gbàgbé gbogbo ìyẹn.

Ìyá àgbà mú mi lọ́wọ́. Sẹ̀wánù ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún mi. Ó béèrè ẹni tó kọ́ mi tí mo fi mọ ibi tí igi máa ṣubú sí. Mo ní bàbá mi ni, agégẹdú ni wọ́n, mo máa ń wò wọ́n láti ẹ̀yìn igi. Ó ní, ṣé wọ́n mọ̀ pé o mọ̀ ọ́n? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká okùn mi. Ó ní “Awanu kaka,” bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ gan-an lédè wọn, ó wọlé, ó sì di ẹja yíyan sínú ewé. Ó ní ti ẹni tó kọ́ mi ni, kí n má fọwọ́ kàn án.

Awakọ̀ tó ń bọ̀ ní Ìkọ̀lé ló gbé e dání. Ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní gáréèjì. Ẹja yín ni.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹ ó pẹ́ jẹ èrè wa, igi kankan kò ní dá lù yín. Ẹ bá mi kí Màámi, kí ẹ sọ fún Fẹ́mi pé kó kàwé rẹ̀, kí ẹ sì kí gbogbo ará àdúgbò tó bá béèrè mi. Tí wọ́n bá bi yín níṣẹ́ tí mò ń ṣe, ẹ sọ ọ́ fún wọn.

Èmi ni ọmọ yín, tó gbọ́ràn sí yín lẹ́nu nínú ohun gbogbo àfi ẹyọ kan,
Bọ́sẹ̀