Kámúṣáàfù Tí Ẹ Fi Ti Ẹsẹ̀ Bẹ́ǹṣì

Bàbá mi, ọ̀gá mi,

Mo mọ̀ pé inú yín ò ní dùn sí lẹ́tà yìí, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé tí mo bá tú ẹ́ńjìnnì, kí n sọ ohun tí mo bá níbẹ̀ fún ẹni tó ni ọkọ̀, ì báà dùn, ì báà korò. Ẹ̀yin lẹ ni ọkọ̀ 504 yìí, mo sì ti tú u. Ohun tí mo bá níbẹ̀ ni pé Àlàájì Gàníyù ò jẹ̀bi. Ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi, èmi náà sì wà níbẹ̀.

Kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fi ti ilé ṣáájú. Màmá wà dáadáa. Orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń fi Gẹ̀ẹ́sì Làìbéríà wọn bú mi bí mo bá fi ọwọ́ olóròóró kan aṣọ wọn. Ṣọ́ọ̀bù wa ní Sinkor ṣì dúró. Láti ìgbà tí ìbọn ti dákẹ́ ni ọkọ̀ ti ń pọ̀ sí i ní Monrovia, gbogbo wọn ló sì ń bàjẹ́, a dúpẹ́. Àwọn ọkùnrin tó máa ń kọjá lára mi tẹ́lẹ̀, tí wọ́n á máa wá ọ̀gá mẹkáníìkì kiri inú ọgbà, ti mọ̀ báyìí pé èmi ni wọ́n ń wá. Mo ṣì máa ń gbóòórùn òróró kí n tó dà á sẹ́ńjìnnì bí ẹ ṣe máa ń ṣe, àwọn oníbàárà sì rò pé orí mi ò pé. Mo mọ iṣẹ́ yìí, Bàbá. Mi ò fọ́nnu, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní Tubman Boulevard.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sọ́rọ̀ irin. Nígbà tí ogun parí tí ẹ gbé 504 jáde lábẹ́ àwọn páànù tí a fi bò ó, kámúṣáàfù rẹ̀ ti jẹ tán. Ẹ lọ ra tuntun lọ́wọ́ Àlàájì Gàníyù, ọ̀rẹ́ yín láti kékeré ní Ọ̀fà, tí wọ́n ń ta irin ọkọ̀ ní Rally Time Market. Irin gígùn yẹn, pẹ̀lú kókó mẹ́jọ tó rí bí ẹyin lára rẹ̀, tó ń ṣí fáàfù, ilẹ̀kùn kékeré tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí, tó sì ń pa á dé. Kò pé oṣù mẹ́ta tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún ta-ta-ta. A tú u, a rí i pé orí kókó méjì ti pẹlẹbẹ. Ẹ ra èkejì, ó ṣe bákan náà. Ẹ ra ẹ̀kẹta, òun náà ò gbẹ́yìn.

Sátidé kan, ẹ gbé ẹ̀kẹta yẹn lé èjìká, ẹ mú mi dání, ẹ sì jù ú sílẹ̀ gbàà níwájú ìsọ̀ Àlàájì. Ẹ pè wọ́n ní olè lójú gbogbo ọjà. Ẹ ní irin rírọ̀ ni wọ́n ń tà fún ọmọ ìlú wọn. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà náà, orí mi wú pé bàbá mi kì í gba ìyànjẹ. Lọ́jọ́ kejì, Àlàájì fi kámúṣáàfù kẹrin ránṣẹ́ nínú páálí rẹ̀. Ẹ ò ṣí i. Bẹ́ǹṣì iṣẹ́ wa tí ẹsẹ̀ kan rẹ̀ kúrú lẹ fi páálí náà tì, ibẹ̀ ló sì wà títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Lọ́dún yìí ni mo pinnu pé mo fẹ́ sọ 504 di táásì. Àwọn ọ̀dọ́ kan ní Freeport fẹ́ ta kámúṣáàfù kan fún mi tí àwọn kókó rẹ̀ ga fíofío. Wọ́n ní ọkọ̀ máa fò. Òótọ́ ni, ó máa fò lójú títì tó dán. Ṣùgbọ́n táásì Monrovia a máa kó èrò kún ẹnu, á máa dúró ní gbogbo igun, á sì gun Crown Hill ní gíà kìíní láìgbọdọ̀ kú. Kókó gíga a máa jẹ́ kí fáàfù pẹ́ ní ṣíṣí. Ẹ́ńjìnnì á lágbára nígbà tó bá ń sáré, á wá di ọ̀lẹ nígbà tó bá ń rọra lọ, á sì máa gbọ̀n níbi tó bá dúró sí bí ẹni tí ibà ń ṣe. Kókó tó mọ níwọ̀n ni mo fẹ́. Mo wá a títí, ẹyọ kan ṣoṣo tó bá a mu ni ti abẹ́ bẹ́ǹṣì.

Gírísì ara rẹ̀ ṣì wà bí wọ́n ṣe fi í. Ìwé kékeré kan wà nínú páálí náà, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Irú rẹ̀ wà nínú mẹ́ta tó ṣáájú, Bàbá. Ẹ mọ Lárúbáwá kà, ẹ mọ Yorùbá kà, ti Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ ò kọ́, ẹ sì máa ń fi àwọn ìwé yẹn nu ọwọ́. Èmi tí mo ń ṣe ipò kejì ní kíláàsì dúró tì yín, mi ò sì tẹjú mọ́ ìkankan nínú wọn rí. Kí ló dé tí ẹ ò fi na ọ̀kan sí mi kí n kà á fún yín?

Ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí. Ẹ́ńjìnnì tó bá gba kámúṣáàfù tuntun ò gbọdọ̀ mí jẹ́jẹ́ rárá. Bó bá ti jí báyìí, kí a tẹ̀ ẹ́, kó máa sáré fún ogún ìṣẹ́jú gbáko, kí òróró lè máa ta dé orí àwọn kókó náà. Bó bá ń rọra yí, irin á máa ha irin. Àwa ńkọ́? Ẹ máa ń ṣe Bísímílà, ẹ ó ní kí n rọra gbé ẹsẹ̀ lé e, kí n má dẹ́rù bà á, nítorí ẹ gbà pé ó gbọ́dọ̀ máa mí bí ọmọ jòjòló. Ẹ ó wá jókòó sórí táyà, ẹ ó máa mu tíì yín, ẹ ó máa rẹ́rìn-ín sí ìró rẹ̀. Bí a ṣe ń kẹ́ ẹ, bẹ́ẹ̀ la ń pa á. Ẹsẹ̀ mi ló wà níbẹ̀ ní ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ojú tì mí, ó dùn mí, inú sì bí mi sí yín. Nígbà tó ṣe, mo dìde, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Mo ra tápẹ́ẹ̀tì tuntun mẹ́jọ, àwọn irin kéékèèké tó ń jókòó lé orí kókó, torí ìwé náà ní ti àtijọ́ ò gbọdọ̀ bá tuntun ṣiṣẹ́. Mo fi òróró tó ki kun gbogbo kókó. Mo mú àwọn àmì ara ṣéènì tó ń yí kámúṣáàfù ko ara wọn, mo wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo da epo sínú kábúrétọ̀ kó má bàa jẹ́ pé yíyí lásán ni yóò máa yí láìjí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo yí kọ́kọ́rọ́ náà ló jí, mo sì tẹ̀ ẹ́. Ariwo náà pọ̀, Bàbá! Èéfín bo ọgbà, àwọn aládùúgbò sáré jáde, Màmá káwọ́ lérí: “Ay my people, da engine coming bust o! Take your foot from there!” Mi ò yọ ẹsẹ̀. Omi ń bọ́ lójú mi, mo ń wo aago, mi ò yọ ẹsẹ̀ títí ogún ìṣẹ́jú fi pé.

Nígbà tó tutù, mo tún àlàfo tápẹ́ẹ̀tì wọ̀n, mo yí táímìn, àsìkò tí iná ń ta nínú ẹ́ńjìnnì, díẹ̀, mo sì ń fọwọ́ kan kábúrétọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí mo fi gbé ife omi lé orí ẹ́ńjìnnì tí omi náà ò dà. Oṣù márùn-ún rèé tó ti ń kérò lọ Red Light, tó ń kérò bọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ṣí ìdérí, mo wọn bí fáàfù kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣí tó. Mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ dọ́gba. Irin Àlàájì dára.

Ojú ọjà lẹ ti bú wọn, mi ò lè lọ bẹ̀ wọ́n ní kọ̀rọ̀ yàrá. Sátidé àná ni mo wa 504 lọ síwájú ìsọ̀ wọn, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́, mo sì kúnlẹ̀ tèmi taṣọ iṣẹ́. Mo sọ ọ́ sókè ní Yorùbá, mo tún un sọ ní Gẹ̀ẹ́sì kí gbogbo ọjà lè gbọ́, pé irin wọn ò ní àbùkù, ọwọ́ wa ló bà á jẹ́, ẹsẹ̀ mi ló sì wà níbẹ̀.

Wọ́n ti darúgbó. Wọ́n fi ọ̀pá tilẹ̀ dé ibi ẹ́ńjìnnì, wọ́n dẹ etí sí i, wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Mo rò pé wọ́n máa bú yín, mo sì ti múra láti gbà á. Wọ́n wá yíjú sí mi.

“Dìde, ọmọ mi. Forget the iron. Láti ọjọ́ yẹn títí tó fi kú, ṣé bàbá rẹ dárúkọ mi rí?”

Ẹ ò dárúkọ wọn rí. Ọdún mọ́kànlá. Bí ẹnikẹ́ni bá tiẹ̀ fẹ́ dárúkọ wọn nínú ilé, ẹ máa ń dìde kúrò níbẹ̀ ni.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo ní ẹ máa ń dárúkọ wọn nínú àdúrà yín. Arúgbó náà fi etí agbádá nu ojú.

Mi ò gbọ́ ohun tí ẹ máa ń sọ nínú àdúrà yín rí, Bàbá mi. Ṣé irọ́ ni mo pa?

Èmi ọmọ yín obìnrin, tó fẹ́ràn yín, tó sì ń retí èsì.