Ìyá Àgbà Ti Dúpẹ́ Lórí Mate Mi

Ẹ̀gbọ́n mi Nélida,

Ìròyìn tí mo ti ń sá fún rèé: Ìyá Àgbà ti dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Nítorí inú tó ń run wọ́n ni mo ṣe fi ṣúgà sí mate wọn, tíì ewé tí wọ́n máa ń mu ní kíkorò. Wọ́n fà á mu lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní, "O ṣé, ọmọ mi," wọ́n sì dìde. Ẹ rántí bí wọ́n ṣe tọ́ wa: ẹni tó bá dúpẹ́ lórí mate ti ní òun ò mu mọ́.

Mo ké tẹ̀lé wọn: "Ṣé èmi náà ti sú yín ni?"

"Ta ló kọ́ ẹ lẹ́nu burúkú yìí?"

"Ẹ̀yin náà ni, Ìyá Àgbà!"

Ọjọ́ kẹta rèé, wọn ò yọjú. Hilario mi ń hu eyín, orin wọn nìkan ló sì ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Baba rẹ̀ kí yín. Oorun ń kùn òun náà. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ẹ ní mo ti da ṣúgà nù; ẹnu mi nìkan ló kù, wọ́n sì mọ ibi tí mo ti rí i. Ọlọ́run á ṣọ́ yín ní Madrid. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè fèsì.

Àbúrò yín,
Rosaura