Ohùn Tó Wà Lórí Fóònù Màmá Mi

Ohùn tí màmá mi ń gbọ́ lórí fóònù wọn láràárọ̀, tí wọ́n ń gbọ́ tí wọ́n ń sunkún, kì í ṣe ohùn ìyá tó bí wọn. Ohùn tèmi ni. Wọn ò mọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nílé wa. Admin, ẹ bá mi bo orúkọ mi, torí àwọn ẹbí wa pọ̀ lórí page yìí... ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á náà, ẹ ní sùúrù kẹ́ ẹ kà á tán kẹ́ ẹ tó bú mi.

Ègùn ni wá, ọmọ Àjídò, létí ọ̀sà. Ìjanikin ni mo gba yàrá sí torí school. Lọ́dún tó kọjá, lecturer wa kan ní ká mú music video mẹ́ta tá a fẹ́ràn, ká pa ohùn ẹ̀, ká máa wo àwòrán nìkan, ká kọ gbogbo ọgbọ́n tí wọ́n dá síbẹ̀ sílẹ̀, lẹ́yìn náà kí kálukú lọ ṣe tiẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré. Iṣẹ́ yẹn dùn mọ́ mi ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Mo wò ó títí ojú fi ń ta mí. Ìgbà yẹn ni mo tó rí i pé ẹni tó ń sáré nínú fídíò kì í mí hẹlẹhẹlẹ nínú orin, ẹni tí òjò ń pa, òjò ò kan ohùn ẹ̀. Ibì kan ni wọ́n ti kọ orin, ibòmíì ni wọ́n ti wá ń la ẹnu sí i. Wọ́n á wá máa gé àwòrán mọ́ ìró ìlù, kó lè dà bíi pé ìlù ló ń tì í. Mo kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé.

Màmá àgbà, ìyá tó bí màmá mi, ni mo lọ yà fún project mi. Ẹja ni wọ́n ń yan, wọ́n sì ní orin kan tí wọ́n máa ń kọ tí wọ́n bá ń yí ẹja padà lórí iná, àwọn fúnra wọn ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ẹsẹ àkọ́kọ́, ti ọ̀sà àti ọkọ̀ ni, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ẹsẹ kejì ni wọ́n ti máa ń pe àwọn ọmọ wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórúkọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àdúrà tí wọ́n ń gbà fún olúkúlùkù. Màmá mi ni àbíkẹ́yìn, orúkọ tiwọn ló máa ń gbẹ̀yìn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ní kí Màmá àgbà tún un kọ torí pé oòrùn ò bọ́ sí ibi tí mo fẹ́. Wọn ò bínú, wọ́n kàn ń rẹ́rìn-ín pé ṣé mi ò ní jẹ́ kí ẹja àwọn jóná báyìí.

Àwòrán dáa, ohùn ò mọ́. Atẹ́gùn ọ̀sà ń fẹ́, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ń kọjá, ikọ́ èéfín ń gé orin mọ́ Màmá àgbà lẹ́nu. Ni mo bá rántí ohun tí mo kọ́. Mo wọ yàrá mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì borí, mo kọ orin yẹn fúnra mi, mo wá tò ó mọ́ ẹnu wọn. Ṣebí gbogbo ilé ló ń sọ pé èmi ni mo jogún ohùn Màmá àgbà? Mo fi app mú ohùn mi wálẹ̀ díẹ̀, ó bá a mu rẹ́gí. Ẹsẹ kejì... Ègùn inú ẹ̀ jinlẹ̀ ju èmi lọ, yàtọ̀ sí àwọn orúkọ yẹn, mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ìṣẹ́jú mẹ́ta náà sì ti fẹ́ pé. Mo gé e dànù. Fóònù mi ti kún, mo pa gbogbo èyí tí mo yà níbẹ̀rẹ̀ rẹ́, mo ní Màmá àgbà ò kúkú lọ síbì kan, màá ya òmíì nígbà Kérésì. Kérésì ò tíì dé tí Màmá àgbà fi kú.

Màmá mi ò jẹun. Àwọn náà ń yan ẹja, àmọ́ wọn ò dáná mọ́, wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Kí n lè tù wọ́n nínú ni mo ṣe fi fídíò náà sórí fóònù wọn. Wọ́n wò ó tán, wọ́n gbé fóònù lé àyà, wọ́n ní ohùn ìyá àwọn rèé kí èéfín tó bà á jẹ́. Ṣé ibẹ̀ yẹn ni ǹ bá ti sọ ọ́? Ẹnu wo ni ǹ bá fi sọ ọ́? Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n jẹun. Ọjọ́ kẹta ẹ̀ ni wọ́n dáná. Àwọn ẹbí ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n ń ṣàdúrà fún mi, mo ń ṣe àmín.

Nígbà tó yá, mo lọ sílé lọ́jọ́ Sunday kan, màmá mi gbé oúnjẹ fún mi, wọ́n jẹ́ kí n jẹ ẹ́ tán, wọ́n wá ní, “Ibi tí wọ́n ti pe orúkọ mi dà?”

Mo purọ́. Mo ní lecturer ló ní kó má ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, pé odindi ẹ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà school, màá gbà á wá. Wọ́n ti wá sọ fún ẹ̀gbọ́n wọn tó wà l'Ájàṣẹ́ lẹ́yìn bọ́dà. Oṣù tó ń bọ̀ la máa ṣe ìrántí ọdún kan, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fẹ́ jókòó pọ̀ kí wọ́n gbọ́ orúkọ wọn lẹ́nu ìyá wọn.

Roommate mi ní kí n kàn kọ ọ́, kí n fi kún un, ta ló fẹ́ mọ̀? Mo gbìyànjú ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo tún fi bùláńkẹ́ẹ̀tì borí, mo pe àwọn ẹ̀gbọ́n màmá mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo ní kí Ọlọ́run forí jì mí. Ó wá kan màmá mi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò pe màmá mi lórúkọ rí. Ọmọ wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Mo la ẹnu, kò jáde. Tó bá tiẹ̀ jáde ńkọ́, àdúrà wo ni màá fi tẹ̀ lé e? Àdúrà tí ìyá wọn gbà fún wọn, mi ò mọ̀ ọ́n, mo ti pa á rẹ́. Mo sunkún débi pé mi ò lè lọ sí class.

Mo mọ òwe tẹ́ ẹ fẹ́ pa fún mi, pé bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Mo gbọ́. Tí òótọ́ bá bá a, tí màmá mi bá tún pa oúnjẹ tì, ṣé ẹ̀yin lẹ máa wá bá mi bẹ̀ wọ́n?

Láàárọ̀ yìí wọ́n pè mí. Wọn ò bá mi wí. Wọ́n ní bóyá odindi ẹ̀ ló tóbi jù fún mi láti gbé, pé kí n fi ti àwọn ẹ̀gbọ́n àwọn sílẹ̀, kí n ṣáà bá àwọn gé ibi tí wọ́n ti pe àwọn wá. Mo ní ẹ ṣé, mà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n pè wọ́n lórúkọ, àbí kí n sọ fún wọn pé kò sẹ́ni tó máa pè wọ́n bẹ́ẹ̀ mọ́?